Ọ̀bẹ Tó Ti Ríṣẹ́

"Kúnbi, ọ̀bẹ ti ríṣẹ́?"

"Ó ti ríṣẹ́, Àǹtí mi."

Àràárọ̀. Fún ọdún mẹ́tàlélógún. Olúrántí tó ń ta ìbẹ́pẹ ló máa ń béèrè. Kúnbi tó ń tu adìyẹ ní ìsọ̀ tó kàn án ló máa ń dáhùn. Lẹ́yìn náà, Kúnbi yóò ri ọ̀bẹ bọ báàfù omi tútù, yóò nù ún lẹ́ẹ̀mejì mọ́ etí ìró tó so mọ́dìí, yóò sì na èèkù rẹ̀ sí Olúrántí. Olúrántí yóò la ìbẹ́pẹ kan sí méjì, kí ẹni tó ń kọjá lè rí bí inú rẹ̀ ti pọ́n tó. Ìlàjì kan lórí àtẹ. Ìlàjì kejì, ti Màmá.

Màmá ni ìyá Olúrántí, Àlhájà Àbẹ̀kẹ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Eyín mẹ́ta, ìbòrí funfun, àga onígi kékeré kan láàárín ìsọ̀ méjèèjì. Wọn kì í tajà mọ́. Wọ́n kàn ń wá jókòó ni, torí wọ́n ní ilé ti dákẹ́ jù, àwọn ò sì tíì kú. Olúrántí á gé ìbẹ́pẹ náà wẹ́wẹ́ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, á ki ṣíbí bọ̀ ọ́, Màmá á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa bú àwọn alábàárù tó ń fi ẹrù gbá àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn alábàárù á sì máa rẹ́rìn-ín.

Òfin ọ̀bẹ yẹn, Màmá ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní ọ̀bẹ tí kò tíì ṣiṣẹ́ lójúmọ́ kan, ó ṣì ń sùn ni, bí èèyàn bá sì fi í ṣí ọjà, ọjà náà yóò sùn dálẹ́. Ọ̀bẹ adìyẹ ló ń tètè jí jù ní ìlà wọn, torí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn olóúnjẹ tó ń wá adìyẹ ti ń dé. Ní ìlà mìíràn nínú ọjà Ketu, wọ́n lè máa wọ́n omi síwájú ìsọ̀, wọ́n lè máa gbàdúrà sórí àkọ́kọ́ owó. Ní ìlà tiwọn, ọ̀bẹ Kúnbi ni. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la adìyẹ kó tó kan ìbẹ́pẹ.

Kò sẹ́ni tó rò ó wò. Ó ń mú ọjà wá.

Ìpókíá ni Kúnbi ti wá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà, báàgì kan lọ́wọ́, ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sí: òpópó kan ní Alápẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ti kó lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó kó lọ. Kúnbi rìn dé ọjà, ó jókòó sílẹ̀ níwájú àtẹ ìbẹ́pẹ kan, ó ń sunkún. Màmá ló ni àtẹ náà nígbà yẹn. Wọn kò bi í pé kí ló dé. Wọ́n gé ìbẹ́pẹ fún un.

"Jẹ ẹ́ ná," ni wọ́n wí. "Ẹkún ò ní sá lọ."

Ọmọ onílẹ̀ ni Màmá ní Ìkòsí. Ilé ẹbí wọn ní yàrá kan lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga àtijọ́. Ibẹ̀ ni Kúnbi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ló ṣì ń sùn dòní. Ibẹ̀ ló bí Ìlérí ọmọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni bàbá Ìlérí ti jáde lọ tí kò padà, ẹ̀yìn Màmá sì ni Ìlérí wà títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn. Ìlérí ti wà ní yunifásítì ní Abẹ́òkúta báyìí. Tó bá pè, Màmá ló máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Màmá ló mú Kúnbi lọ fún àwọn tó ń tu adìyẹ. Wọ́n ra ọ̀bẹ fún un fúnra wọn, lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan tó ń fi súpúríǹgì mọ́tò àlòkù rọ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tó wúwo. Wọ́n wò ó bó ṣe fi la adìyẹ àkọ́kọ́, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò bẹ̀rù, ó máa jẹun. Ó sì jẹun. Ọ̀bẹ náà ti fẹ́lẹ́ báyìí, ó ti rí tín-ín-rín láàárín, torí òkúta ìpọ́nbẹ ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kò sí ọ̀bẹ tó mú tó o ní gbogbo ìlà wọn. Ọ̀bẹ tí kò mú máa ń tẹ ìbẹ́pẹ lẹ́ran. Tirẹ̀ kì í tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti ròyìn. Ṣùáíbù ló ń dú adìyẹ. Yóò pe Bísímílà, yóò dú u, yóò jù ú sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí, kó lè jà tán níbẹ̀. Kúnbi yóò ri í bọ omi gbígbóná nínú dúrọ́ọ̀mù, yóò tu ìyẹ́ rẹ̀, yóò tẹ́ ẹ sórí pákó. Ọ̀bẹ. Ìfun jáde, ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì tú sórí pákó nígbà mìíràn. Iwe lọ́tọ̀, ẹ̀dọ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ di inú báàfù omi tútù. Adìyẹ, iwe, ọwọ́, ọ̀bẹ. Omi kan náà. Títí di ọ̀sán.

Aago mẹ́wàá, omi náà ti pọ́n. Aago méjìlá, ó ti dúdú. Ẹni tó bá wò ó yóò ní kò mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wò ó. Adìyẹ ni wọ́n ń wò.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni wọlé-wọlé dé. Kì í ṣe irú àwọn tàtijọ́ tí gbogbo ọjà máa ń sá fún. Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, Richard lorúkọ rẹ̀. Ó fi owú orí igi kékeré nu pákó Kúnbi, ó nu báàfù, ó nu ọ̀bẹ, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, ó sì lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó padà wá. Ó dúró sáàárín wọn, ó ní kòkòrò àrùn wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irú èyí tó ń gbé inú ìfun adìyẹ, tí ojú kò lè rí. Ó ní kí Kúnbi máa pààrọ̀ omi, kó máa fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọ̀bẹ.

"Ẹ̀yin ìyá mi, iná ló ń pa á," ló wí. "Adìyẹ tí wọ́n bá sè jinná, kò sí wàhálà. Ohun tí a kò ní sè ni kí ẹ bẹ̀rù fún."

Olúrántí ló dá a lóhùn. "Ọ̀gá Richard, ta ló ń jẹ adìyẹ ní tútù? Ṣé ológbò ni wá ni?"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ṣùáíbù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Richard náà rẹ́rìn-ín, torí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Màmá ní ara ọmọ náà ti gbẹ jù, ìjọba kò fún un lóúnjẹ. Wọ́n bu ìbẹ́pẹ fún un nínú abọ́ tiwọn. Ó jẹ ẹ́. Ó ní ó dùn. Kò bi wọ́n pé ọ̀bẹ wo ni wọ́n fi là á.

Kúnbi gbìyànjú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ń pààrọ̀ omi lẹ́yìn adìyẹ mẹ́ta-mẹ́ta, ó ń fi ọṣẹ fọ pákó. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ omi àdúgbò bàjẹ́, mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke omi kiri kò yọjú fọ́jọ́ méjì, àwọn oníbàárà sì ń pariwo pé ó ń fi wọ́n ṣòfò. Omi kan náà. Títí di ọ̀sán.

Ọ̀sẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ni Màmá kò jẹ ìbẹ́pẹ wọn tán. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Wọ́n ní inú ń lọ́ àwọn. Lọ́jọ́rú, wọn kò wá sọ́jà. Ìgbẹ́ gbuuru. Ibà. Olúrántí po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún wọn, Aliyah, ìyàwó Akóredé ọmọ Olúrántí, ń pààrọ̀ aṣọ wọn, ó ń fọ̀ ọ́, kò sì yínmú. Aliyah ló ń bá Màmá gbé nínú ilé, òun ló ń se oúnjẹ wọn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ jáde, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Ojoojúmọ́ ni Kúnbi ń lọ wò wọ́n tó bá ti palẹ̀ mọ́. Á wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, òórùn adìyẹ á ṣì kù lára ọwọ́ rẹ̀. Màmá ti kéré lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n la ojú, wọ́n mọ̀ ọ́n.

"Ọjà ńkọ́?"

"Ó ń lọ, Màmá."

"Ọ̀bẹ ríṣẹ́ láàárọ̀ yìí?"

"Ó ríṣẹ́, Màmá."

Wọ́n mi orí. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá Kúnbi sọ kẹ́yìn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n lọ. Kí aago méjì tó lù, wọ́n ti sin wọ́n sí itẹ́ òkú ẹbí ní Ìkòsí, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Ó yá jù lójú Kúnbi. Àwọn tirẹ̀ ní Ìpókíá máa ń dúró díẹ̀ ti òkú.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fún Màmá ní ọsibítù jáde. Dókítà pe Olúrántí àti Akóredé. Ó ní kòkòrò kan ló ti inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀ Màmá, ara àgbà kò sì lè bá a jà. Ó ní irú kòkòrò yìí, ara adìyẹ tútù ni wọ́n ti máa ń bá a jù. Ó wá béèrè ohun tí dókítà yòówù yóò béèrè. Ó ní ta ló ń se oúnjẹ wọn?

Ìbéèrè yẹn ló fọ́ ilé.

Kúnbi gbọ́ ọ lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, níbi tó ti ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Olúrántí wá jókòó sórí pèpéle tó wà níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Àwọn ẹbí ti ní Aliyah ló se adìyẹ tí kò jinná, tó fi omi rẹ̀ po ẹ̀kọ fún Màmá. Aliyah fi Kùránì búra pé òun kò ra adìyẹ láti oṣù kan. Àwọn kan ní irọ́ ni. Àwọn kan sọ ohun tó burú ju ìyẹn lọ, pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa tọ́jú àgbàlagbà. Akóredé kò na ìyàwó rẹ̀, kò pariwo. Ó kàn ní kó gbé ọmọ wọn, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ṣàngíṣà ná. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú Aliyah.

"Ohun tí kò yé mi nìyẹn," ni Olúrántí wí. "Màmá ò jẹ adìyẹ. Láti ìgbà tí eyín wọn ti lọ. Kúnbi, ìwọ náà mọ̀. Màmá ò jẹ adìyẹ."

"Wọn ò jẹ ẹ́," ni Kúnbi wí.

Nínú ilé, ẹnì kan pariwo pé ọsàn àti ìbẹ́pẹ ti dé, kí wọ́n bá òun wá ọ̀bẹ. Ọwọ́ Kúnbi dúró nínú omi ọṣẹ.

Ohun tí a kò ní sè.

Ó wo omi náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Báàfù kan ṣoṣo. Ó ń rí Màmá pẹ̀lú ṣíbí, ó ń rí ìbẹ́pẹ pípọ́n, ó ń rí ọ̀bẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú adìyẹ, tó gba inú omi yẹn kọjá, tí òun nù mọ́ ìró. Olúrántí ń sọ̀rọ̀ lọ. Kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi gbé e mọ́ra. Ó ń lọ sọ́jà, ó ń tu adìyẹ, ìsọ̀ Olúrántí ṣì wà ní títì, tapólì bò ó. Ó máa ń ní lónìí ni òun yóò sọ ọ́. Á dé ilé, á rí iná nínú yàrá Olúrántí, á gba ẹ̀yìn kọjá. Bí ó bá sọ ọ́, kí ni wọ́n máa pè é nínú ilé yẹn? Àlejò tí wọ́n gbà sílé, tó pa ẹni tó gbà á. Yàrá kọ́ ló ń rò. Yàrá wà káàkiri. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí nìkan ló ní ní Èkó, àwọn ni Ìlérí ń pè ní ẹbí. Bí kò bá sì sọ ọ́, ọmọbìnrin kan wà ní Ṣàngíṣà tí wọ́n ń pè ní apànìyàn, tí kò mọ nǹkan kan.

Ìlérí pè é lórí fóònù. Ó ní ohùn ìyá òun ti tín-ín-rín, ṣé ó ń jẹun? Kúnbi ní òun ń jẹun.

Ní ọjọ́ kejìlá, ó dé ọjà, ó bá ìsọ̀ Olúrántí ní ṣíṣí.

Olúrántí ti to ìbẹ́pẹ. Àga Màmá wà níbẹ̀. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ lé e, ó tún gbé e kúrò, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n kí ara wọn. Ṣùáíbù dú adìyẹ àkọ́kọ́, Kúnbi tù ú, ó là á, ó gé e fún oníbàárà. Ó ri ọ̀bẹ bọ inú báàfù, kò sì fura pé òun ti ri í bọ̀ ọ́, torí ọdún mẹ́tàlélógún ni.

Olúrántí yíjú sí i. Ó na ọwọ́.

"Kúnbi, ọ̀bẹ ti ríṣẹ́?"

Omi ń kán láti ẹnu ọ̀bẹ sórí bàtà rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Àǹtí mi."

"Mi ò fẹ́ jókòó. Oníbàárà ń bọ̀."

"Aliyah ò ṣe nǹkan kan."

Olúrántí fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ta ló bi ọ́ léèrè Aliyah?"

"Adìyẹ tí dókítà wí, kò sí nínú ìkòkò Aliyah. Ibí ló wà." Kúnbi gbé ọ̀bẹ sókè díẹ̀. "Ọ̀bẹ yìí. Èmi ni mo ń fi la ìfun adìyẹ, mo ń fi omi yìí ṣàn án, mo ń gbé e fún yín. Richard sọ ọ́ fún wa. Ó ní ohun tí a ò ní sè. A rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi, ó ti lé lọ́jọ́ mẹ́wàá tí mo ti mọ̀. Mi ò lè sọ ọ́."

Ó ti múra sílẹ̀ fún igbe. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú, fún ìgbátí, fún kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta. Olúrántí kò ké. Ó wo ọ̀bẹ. Ó wo àtẹ tirẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Èmi ni mo ń là á," ló wí.

"Ọ̀bẹ mi ni, Àǹtí mi."

"Èmi ni mo ń gé e wẹ́wẹ́. Èmi ni mo ń ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ní àwọn ò jẹ mọ́, èmi ni mo máa ń ní, Màmá, ẹ gbìyànjú, ó kù díẹ̀."

Fún ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ̀bi ara rẹ̀ nìkan ni Kúnbi ń gbé sókè sódò. Kò rò ó lẹ́ẹ̀kan pé bí òun bá gbé e kúrò lórí Aliyah, orí ibí yìí ni yóò já sí. Lórí ọmọ tó bọ́ ìyá rẹ̀.

Olúrántí jókòó sórí àga Màmá. Ó fa fóònù yọ. Ó tẹ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé.

"Aliyah. Mummy Akóredé ni. Gbé ọmọ, kó o máa bọ̀ nílé." Ó ń gbọ́. "Rárá. Ìwọ kọ́. Mo ní ìwọ kọ́. Má sunkún, oyún wà nínú ẹ. Ó ti yé wa báyìí."

Ó pa fóònù. Ó dìde, ó fa tapólì bo gbogbo ìbẹ́pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, ó so ó, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Kò wo ẹ̀yìn.

Aliyah padà sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Akóredé dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo ẹbí. Kò sẹ́ni tó lé Kúnbi kúrò ní yàrá lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn kì í pè é jẹun mọ́ tí oúnjẹ bá jinná, òun náà kò sì jáde nígbà tí wọ́n bá ń jẹun.

Ó ra pákó tuntun. Báàfù mẹ́ta ló ní báyìí, omi gbígbóná ọlọ́ṣẹ wà nínú ọ̀kan, ti ọ̀bẹ nìkan. Adìyẹ mẹ́ta, omi tuntun. Bí oníbàárà bá ń pariwo, á ní kó máa lọ. Nígbà tí Richard padà wá pẹ̀lú owú rẹ̀, ó yin Kúnbi, ó ní kí àwọn yòókù wá wò ó. Ó wá bojú wo àga kékeré náà.

"Màmá dà?"

Ṣùáíbù ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sọ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀, àti ti ọ̀bẹ. Richard dúró síbẹ̀, ìgò owú lọ́wọ́ kan. Ó fi ọwọ́ kejì kan ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó lọ láì nu ìsọ̀ tó kù.

Olúrántí ti padà sẹ́nu ọjà. Kì í la ìbẹ́pẹ mọ́. Láàárọ̀, á ní, "Kúnbi, ṣé a jí dáadáa?" Kúnbi á ní, "A dúpẹ́, Àǹtí mi." Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ á wà, ní ibi tí ìbéèrè yẹn máa ń wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ti Anthony wá dúró níwájú ìbẹ́pẹ. Ó ní òun kò lè ra ohun tí òun kò rí inú rẹ̀. Olúrántí ní kó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin náà ní ó tì o, wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀ tan òun rí. Ó wò yíká. Ó rí ọ̀bẹ kan tó ń dán lórí pákó adìyẹ, ó na ọwọ́ sí i.

"Rárá."

Ẹnu méjì ló ti jáde, lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà fò sẹ́yìn. Kúnbi gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bá ojú Olúrántí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Màmá, wọn kò tíì wojú ara wọn bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́. Olúrántí mú ìbẹ́pẹ kan, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́, kò sì gba owó.